Kò Sí Èébú Níbẹ̀, Síbẹ̀ Ó Dùn Ún

Ẹnì kan dúró níwájú tábìlì ọ́fíìsì. Ó kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì náà. Ẹni yẹn ò gbójú sókè, ó ń tẹ fóònù lọ. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó nawọ́ láìsọ̀rọ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó dúró, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó sì jù ú sórí tábìlì. Iṣẹ́ parí. Kò pariwo, kò búni, kò tiẹ̀ fi iṣẹ́ falẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó gba ìwé rẹ̀ padà yìí máa ro ẹjọ́ ọ̀hún fún èèyàn mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un, ọ̀rọ̀ á fẹ́ há sí i lọ́fun. Lẹ́yìn náà ló máa ní, "Ó kàn ṣe bíi pé mi ò sí níbẹ̀ ni." Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àrífín ti ń bẹ̀rẹ̀, lójú tèmi: ká máa lo àkókò ẹlòmíràn, etí rẹ̀, ààyè rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ bíi pé wọn ò ní olúwa. Ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Èèyàn lè fi "ẹ jọ̀ọ́" bẹ̀rẹ̀, kó fi "ẹ ṣeun" parí, kó sì rí ẹlòmíràn fín láàárín méjèèjì.

Orúkọ wọn yàtọ̀, ìtọ́jú wọn náà yàtọ̀

Yorùbá ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, torí èdè wa ò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀. Àrífín ni kí wọ́n rí èèyàn, kí wọ́n sì fojú kékeré wò ó. Ẹni tó ń ṣe é lè má mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àfojúdi le jù bẹ́ẹ̀ lọ: onítọ̀hún ti rí yín, ó ti wọ̀n yín wò, ó sì ti pinnu pé kò sí ohun tí ẹ lè fi òun ṣe. Ọ̀yájú jẹ́ ti ẹni tí kò mọ ibi tí ààyè òun dé. Ó rò pé ẹ súnmọ́ra ju bí ẹ ṣe súnmọ́ra lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè iye tí ẹ ń gbà lóṣù tàbí ìdí tí ẹ ò fi tíì bímọ. Ìwọ̀sí ní tirẹ̀ nílò òǹwòran. Ìbáwí tí èèyàn ì bá gbà láìjanpata nínú yàrá máa ń di ìwọ̀sí bí ẹni márùn-ún bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àìmọ̀ pọ́ńbélé wà, ti ẹni tí kò gbọ́ rí pé ohun tó ṣe yẹn burú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe fún eré. Ààlà ni ẹni tó ń fojú di yín nílò, ẹ lè ṣàlàyé fún un títí di ọ̀la, kò ní gbọ́. Àlàyé lẹni tó ṣe é láìmọ̀ nílò, bí ẹ bá sì gbé ààlà kò ó lójú, ẹ̀yin lẹ máa di aláìmọ̀wàáhù níbẹ̀. Ti ẹni tó yájú rọrùn jù: ẹ dáhùn ní ṣókí, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ó pọ̀ jù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo àìsàn: kí wọ́n bínú, tàbí kí wọ́n dákẹ́.

Ní 1955, Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ọmọ Kánádà, tẹ àròkọ kan jáde lórí ohun tó pè ní ojú, ìyẹn iyì tí olúkúlùkù ń gbé kiri láàárín èèyàn, tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà, tí àwọn tó yí i ká sì ń bá a gbé ró. Ẹni tó ń sọ "ojú tì mí", "wọ́n dójú tì í" àti "ojú rẹ ni mo wò" lójoojúmọ́ ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Penelope Brown àti Stephen Levinson, àwọn onímọ̀ nípa èdè, wá fi kún un ní 1978 pé apá méjì ni ojú yìí ní. Apá kan ń fẹ́ kí wọ́n ka òun sí, kí wọ́n gba ti òun. Apá kejì ń fẹ́ kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dí òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ṣi orúkọ ẹni tí ẹ ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún kan pè, apá kìíní lẹ gbá. Bí ẹ bá pè é lórí fóònù ní agogo 11 alẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó lè dúró di àárọ̀, apá kejì ni. Ohun tó ń tu ọ̀kan lójú sì lè ba èkejì jẹ́: ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹ bá ń pè é ní "ọ̀rẹ́ mi àtàtà" léraléra, ṣe lẹ tún ń há a mọ́ igun.

Brown àti Levinson yìí kan náà ló sọ ohun mẹ́ta tí à ń wọ̀n kí a tó la ẹnu: báwo la ṣe jìnnà síra tó, ta ló lágbára lórí ta ni, báwo sì ni ohun tí mo fẹ́ gbà ṣe wúwo tó. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ti mọ bí gbólóhùn yín ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó. "Gbé e fún mi" kò ní àbùkù láàárín ọ̀rẹ́ méjì, tó bá jẹ́ bíírò ni wọ́n ń sọ. Ẹ sọ gbólóhùn kan náà fún àjèjì, kó sì jẹ́ mọ́tò rẹ̀ lẹ fẹ́ yá, ẹ máa rí ojú rẹ̀. Tí iná bá sì ń jó, "Ẹ sá!" ti tó, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé "ẹ jọ̀ọ́" dà.

Bíbèèrè nǹkan

Ibi tí àrífín àìmọ̀ọ́mọ̀ pọ̀ sí jù lọ rèé, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, torí pé gbólóhùn ni, ó ṣeé tún kọ. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí:

"Mo nílò kí ẹ bá mi wo ìwé kan kíákíá."

Ẹni tó gbà á ò mọ ìwé wo, kò mọ bó ṣe gùn tó, kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kóun wò nínú rẹ̀, kò sì mọ ohun tí "kíákíá" túmọ̀ sí. Òun ló máa wá bèèrè gbogbo ìyẹn, òun tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ẹ wo èyí wàyí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ìwé olójú ewé 4 kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà. Ìparí rẹ̀ nìkan ló ń kọ mí lóminú, kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi sílẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá dí, ẹ sọ fún mi, màá gbé e lọ bá ẹlòmíràn."

Ohun márùn-ún ló wà níbẹ̀: kí ni, ibo gan-an, ó máa gbà tó ìgbà wo, ọjọ́ wo, àti ilẹ̀kùn tí onítọ̀hún lè gbà jáde. Ilẹ̀kùn yìí làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ gé kúrò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù, torí ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn ò lè kọ̀ ti di àṣẹ. Àmọ́ kó jẹ́ ilẹ̀kùn tòótọ́ o. Ẹni tó sọ pé "bí ọwọ́ yín bá dí", tí wọ́n sì sọ fún un pé ọwọ́ àwọn dí lóòótọ́, tó wá ń díjú, ti sọ fún gbogbo èèyàn pé àwòrán ilẹ̀kùn lòun yà sára ògiri. Ìṣẹ́jú 15 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ fi ara yín dán an wò ná, kí ẹ wá fi ìdajì kún un, torí ẹ̀yin ti mọ ìwé náà tẹ́lẹ̀, òun ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ẹ fi ń bèèrè ńkọ́? Ellen Langer àtàwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní 1978, lórí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ẹnì kan á wá sọ pé òun ní ojú ewé 5, ṣé wọ́n lè jẹ́ kóun kọ́kọ́ ṣe tòun. Nígbà tí kò sọ ìdí kankan, nǹkan bí 60 nínú 100 ló gbà fún un. Nígbà tó sọ pé òun ń kánjú, ó di 94. Nígbà tó sọ pé "torí pé mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ni", tí kì í ṣe ìdí gidi kan, 93 ṣì gbà fún un. Wọ́n wá sọ ojú ewé náà di 20. Ìdí asán ò ṣiṣẹ́ mọ́: 24 ló gbà, bí ẹni tí kò sọ ìdí rárá. Ìdí gidi gbé e dé 42. Èyí ni pé fún ohun tó fúyẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà ti fi hàn pé ẹ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ìdí fún, ó ti tó. Fún ohun tó wúwo, wọ́n máa tú ìdí náà wò.

Àṣejù náà wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, mi ò fẹ́ máa yọ yín lẹ́nu, ẹ forí jì mí, ó kàn jẹ́ pé..." Ẹni tó ń ka ìyẹn ti níṣẹ́ méjì lọ́wọ́ báyìí, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé fún un àti iṣẹ́ pé kó máa tù yín nínú. "Ẹ má bínú" ẹyọ kan tó.

Àwọn tó wà nípò àṣẹ ní ìṣòro tiwọn. Bí ọ̀gá bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé "bí àyè bá wà, ẹ bá mi wo èyí", àṣẹ ni ọmọ iṣẹ́ máa gbọ́, á sì pa gbogbo ohun tó ń ṣe tì. Kí ọ̀gá sọ ọ́ ní ṣàkó pé "kì í ṣe ti òní, ẹ parí ti ọwọ́ yín ná", tàbí kó kúkú pàṣẹ kó sì sọ ọjọ́. Rírọ ọ̀rọ̀ lójú nígbà tí kò sí ààyè láti kọ̀ ń rẹ ọmọ iṣẹ́ ju àṣẹ tààrà lọ.

Jíjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni

Tanya Stivers àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wọn èdè 10 láti oríṣiríṣi apá ayé, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, àlàfo tó sábà máa ń wà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ará Japan ló ń tètè dáhùn jù, àwọn ará Denmark ló ń fà á gùn jù, síbẹ̀ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àwa èèyàn mọ àlàfo yìí lára débi pé bó bá fi díẹ̀ gùn jù, a ti ń rò pé onítọ̀hún ò fẹ́; bó bá sì fi díẹ̀ kúrú jù, a ní ó já ọ̀rọ̀ gbà. Ìdí nìyí tí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń mú kí gbogbo èèyàn dà bí aláìmọ̀wàáhù. Ohùn ń pẹ́ lójú ọ̀nà ju àlàfo yẹn lọ, ẹni méjì á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ dákẹ́, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ ka ení, èjì nínú ọkàn yín kí ẹ tó la ẹnu, tàbí kí ẹ nawọ́ sókè níwájú kámẹ́rà. Kò sí àrífín nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ló fà á.

Gbogbo sísọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ́ ló sì jẹ́ jíjá gbà. Deborah Tannen, onímọ̀ èdè, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àwọn tó jẹ́ pé sísọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn: "Ẹ̀n-ẹ́n!", "Ó tì o!", "Ó wá ní kí ni?" Bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ rọrùn. Lẹ́yìn tí ohùn méjì pàdé, lọ́wọ́ ta ni ọ̀rọ̀ wà? Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣì ń bá tirẹ̀ lọ, ẹnì kejì ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Bí kókó ọ̀rọ̀ bá ti yí padà sí ti ẹni tó wọlé lójijì, ó ti já a gbà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ já a gbà, ẹ dá a padà pẹ̀lú àmì ibi tó dúró sí: "Ẹ má bínú, ẹ ń sọ ti ọjọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù dé, ẹ parí rẹ̀." Àmì yẹn ni agbára rẹ̀. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ" lásán lè túmọ̀ sí pé ẹ ò tẹ́tí tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó pè é ní àfojúdi

Ní 1973, John Darley àti Daniel Batson ṣe ìwádìí kan ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Wọ́n ní kí kálukú lọ sọ̀rọ̀ ní ilé mìíràn. Àwọn kan nínú wọn, ìtàn ará Samáríà aláàánú ni wọ́n fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ lé. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan ló ká jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń húkọ́, ó ń kérora. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé àkókò ṣì wà, 63 nínú 100 ló dúró. Àwọn tí àkókò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tó, 45. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, 10 péré. Ìtàn tó wà lọ́kàn wọn ò mú ìyàtọ̀ tó hàn gbangba wá, ìkánjú ló ṣe é.

Ní 1977, Lee Ross fún àṣìṣe kan lórúkọ tó bá èyí mu: bí ẹlòmíràn bá ṣe ohun tí kò dáa, à ń wo ìwà rẹ̀, a sì ń gbójú fo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí àwa bá ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa là ń wò. Ẹni tó kọjá láìkí wa jẹ́ agbéraga. Àwa tí a kọjá láìkí ẹlòmíràn, ọkàn wa ò sí níbẹ̀ ni.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń dá lábàá, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí. Ṣé ó rí mi? Ṣé ó mọ̀ pé ohun tó ṣe yẹn burú lójú tèmi? Ṣé nǹkan ń lé e? Ṣé ó ti ṣe é rí lẹ́yìn tí mo sọ fún un? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ rárá, kò sí àfojúdi níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Àjèjì tó ń kọ́ èdè, tó lo "ìwọ" níbi tó ti yẹ kó lo "ẹ̀yin", ibẹ̀ ló bọ́ sí. Èdè Faransé àti Jámánì náà ní irú ìyàtọ̀ yẹn, àwọn tó ń kọ́ wọn náà sì ń ṣì í. Ìbéèrè kẹta ń mú ẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ kò pa á rẹ́. Ẹni tí nǹkan ń lé lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta ti sọ ọ́ di ìwà. Ìkẹrin ló ń parí ẹjọ́. Lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́ ní kedere, tó tún ṣe é, ẹ ti ní ìdáhùn yín.

Àìdánilójú yìí gan-an ló ń jẹ́ kó máa jẹ èèyàn lọ́kàn. Lynne Andersson àti Christine Pearson, tí wọ́n kọ̀wé lórí àìmọ̀wàáhù níbi iṣẹ́ ní 1999, fi í sínú ìtumọ̀ rẹ̀ pé kì í hàn kedere bóyá ẹni tó ṣe é fẹ́ pani lára. Èébú gbangba, èèyàn mọ ibi tó dúró sí. Èyí tí kò dájú, èèyàn á gbé e délé, á máa yí i wò títí oorun á fi dá.

Ṣé ohun kékeré ni?

Àwọn kan á ní kí ẹni tí wọ́n rí fín gbàgbé ẹ̀, kó tẹra mọ́ṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ló ń bà jẹ́. Arieh Riskin àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹ́ 24 jọ ní Ísírẹ́lì, ẹgbẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọmọ tuntun tí ara wọn ò le, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Ìtọ́jú àfidánrawò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ògbógi kan láti òkè òkun ń wò wọ́n. Fún àwọn ẹgbẹ́ kan, ògbógi náà sọ̀rọ̀ tí kò yìn wọ́n, tí kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Fún àwọn tó kù, ó sọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìṣègùn orílẹ̀-èdè wọn. Kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lórúkọ, kò sì bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ àìsàn náà dáadáa tó àwọn yòókù, ọwọ́ wọn ò sì já gaara nídìí ìtọ́jú. Ohun tí àwọn olùwádìí rí nídìí rẹ̀ ni pé wọn ò sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn mọ́ bó ṣe yẹ, wọn ò sì béèrè ìrànwọ́ mọ́. Ohun tí àrífín ń pa nìyẹn: ẹnu èèyàn ń wúwo.

Ó tún ń ràn. Trevor Foulk, Andrew Woolum àti Amir Erez fi í wé ọ̀fìnkìn nínú ìwádìí wọn ti 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti bá aláìmọ̀wàáhù dúnàádúrà, ẹni tí wọ́n bá tún jọ dúnàádúrà lẹ́yìn rẹ̀ á ka òun náà sí aláìmọ̀wàáhù, kódà bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fọhùn gan-n-gan sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín, ẹ wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó fọhùn sí yín láàárọ̀.

Èsì wo la ó fún un?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó kéré jù. Ẹ bi í pé "Ẹ dákun, ẹ ní kí ni?" pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, láìsí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ torí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ á rí ààyè tún un sọ dáadáa, ẹni tó sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ á ní láti tún un sọ níṣojú gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ ò ní lè tún un sọ bó ṣe rí lákọ̀ọ́kọ́.

Bí kò bá tó, ẹ dárúkọ ohun tó ṣe, kí ẹ má dárúkọ irú èèyàn tó jẹ́. "Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́" kò ní ìdáhùn mìíràn ju ìjà lọ. "Ẹ ti sọ̀rọ̀ lé tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, màá sì gbọ́ tiyín" ní ìdáhùn. Ẹ wo bó ṣe tò: ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ìgbà, ohun tí mo fẹ́, ohun tí màá fi san án. Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń bà á jẹ́, "gbogbo ìgbà" àti "láéláé". Ẹ sọ pé "gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe báyìí", onítọ̀hún á rántí ọjọ́ kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìjiyàn á sì kúrò lórí ti òní.

Bó bá jẹ́ níwájú èèyàn ni wọ́n ti wọ́ yín nílẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn kan níbẹ̀ kí àwọn tó kù mọ̀ pé ẹ gbọ́, "Mi ò gbà bí ẹ ṣe sọ ìyẹn, a ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ tó bá yá", kí ẹ sì fi èyí tó kù sílẹ̀ di kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ náà gùn níwájú òǹwòran, ojú ẹni méjì ló máa bọ́ nílẹ̀ dípò ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ẹni tó lè lé yín lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kó tó dàrú nínú orí yín.

Èsì tí mi ò fara mọ́ rárá ni ẹ̀dà ọ̀rọ̀, ìyẹn kéèyàn sọ òdìkejì ohun tó ní lọ́kàn, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ kíkọ. Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn akẹgbẹ́ wọn dán an wò ní 2005: àwọn tó fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí í-meèlì rò pé 78 nínú 100 ló máa yé ẹni tó gbà á. 56 ló yé wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn máa méfò. Ohùn tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú orí yín nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ kò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tó bá lè dunni, ẹ pe onítọ̀hún kí ẹ fẹnu sọ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tó wọlé

Roy Lewicki àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tú ẹ̀bẹ̀ wò ní 2016, wọ́n sì rí ohun mẹ́fà nínú rẹ̀: pé ó dùn mí, àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé mi ò ní ṣe é mọ́, ohun tí màá fi tún un ṣe, àti "ẹ dárí jì mí". Èyí tó wọ àwọn èèyàn lọ́kàn jù ni gbígbà pé èmi ni mo jẹ̀bi, àtúnṣe ló tẹ̀ lé e. "Ẹ dárí jì mí" ló kéré jù, ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ.

"Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín, àmọ́ wàhálà ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà." "Bí" yẹn ń sọ pé kò dájú pé ohun kan ṣẹlẹ̀. "Àmọ́" gbé ẹ̀bi fún wàhálà. "Dùn yín" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ bí ara yín ṣe rí, kì í ṣe ti ohun tí mo ṣe. Ẹ fi wé èyí: "Mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín nípàdé àná, mo sì fi àbá yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ kí n ṣe é. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó wà níbẹ̀ pé àbá yín ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ Ajé." Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákẹ́. Ẹ má dúró kí wọ́n sọ pé "kò sí nǹkan kan", ẹ má sì bi wọ́n bóyá inú wọn ti yọ́. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣì máa bínú di ọ̀la. Iye èèyàn tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ wọ́ ọ nílẹ̀, iye yẹn náà ló yẹ kó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ níwájú ẹni márùn-ún ni, tí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, àwọn márùn-ún yẹn ò tíì mọ̀ pé ẹ yí ọ̀rọ̀ padà.